Ọkọ́ Àti Àdá Kì Í Ṣe Pàṣán

Lónìí, a ò sọ̀rọ̀ ajílẹ̀, a ò sì sọ̀rọ̀ iye tí wọ́n ń ta àgbàdo. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó wà nílé-ìwé ìjọba la fẹ́ sọ. Ó lè korò díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kà á dópin kẹ́ ẹ tó bínú.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ara wa. Nígbà kan, a gba ọmọkùnrin kan síṣẹ́ lóko adìyẹ wa. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì ìjọba ni, ó sì gba B nínú Ágíríìkì. Tẹ́ ẹ bá bi í pé kí ni àjẹsára, á ka ìtumọ̀ rẹ̀ fún yín láìkọsẹ̀. Lọ́jọ́ kan, a gbé oògùn Lasota lé e lọ́wọ́ pé kó fi sínú omi fáwọn adìyẹ. Ó bu omi ẹ̀rọ tí wọ́n ti da kúlórínì sí. Ó da oògùn sí i lọ́sàn-án gangan, ó gbé e kalẹ̀ sínú oòrùn. Kò gba omi kúrò níwájú àwọn adìyẹ fún wákàtí kan tàbí méjì ṣáájú, kí òùngbẹ lè gbẹ wọ́n, kí wọ́n sì mu ún kíákíá. Títí di ìrọ̀lẹ́, omi oògùn yẹn ṣì wà níbẹ̀, ó ti gbóná.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin adìyẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kúlórínì àti oòrùn ti pa oògùn náà. Nígbà tí àrùn Newcastle wọlé, nínú adìyẹ 300, 112 la sin.

Ṣé ọmọ yẹn la fẹ́ bá wí? Rárá o. Àwa la kọ́kọ́ jẹ̀bi, torí a rí ìwé-ẹ̀rí, a rò pé a rí iṣẹ́. Ó yẹ ká dúró tì í lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a ò dúró. Ṣùgbọ́n ta ló kọ B yẹn sórí ìwé? Ọdún mẹ́fà gbáko ló fi jókòó sí kíláàsì Ágíríìkì, ọwọ́ rẹ̀ ò kan adìyẹ kan. Nígbà tá a bi í pé ìgbà wo ló di àdá mú rí nílé-ìwé, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọjọ́ tí mo bá pẹ́ dé ni."

Ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ sọ nìyẹn o. Nínú ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìjọba wa, wọ́n ti sọ ọkọ́ àti àdá di pàṣán. Ọmọ pẹ́ dé, ẹ ní kó lọ gé koríko. Ọmọ pariwo ní kíláàsì, ẹ ní kó lọ hú kùkùté. Ọmọ ò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ẹ fi oko jẹ ẹ́ níyà. Èyí tó mọ̀wé jù, tó tètè dé, tó gbọ́ràn, òun ni kò ní fọwọ́ kan ọkọ́ rárá. Kí ni ọmọ kọ́ níbẹ̀? Ó kọ́ pé ìyà ni oko, pé ẹni tó ṣẹ̀ ni í roko. Tó bá wá pé ọmọ ọdún 18, ẹ ní kó wá fẹ́ràn ohun tẹ́ ẹ ti fi nà án láti kékeré. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Ẹ má sì jẹ́ ká di gbogbo ẹ̀bi ru olùkọ́. Nílé ńkọ́? Àwa fúnra wa tá à ń jẹun nínú oko, kí là ń sọ fọ́mọ? "Bí o ò bá kàwé, oko ni wàá bá lọ o!" "Ṣé o fẹ́ jìyà bíi tèmi ni?" Ẹnu wa la fi ń ba iṣẹ́ wa jẹ́. Ká tó dé orí ìjọba, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn díẹ̀, torí kì í ṣe òní nìjọba ti ń pariwo iṣẹ́ ọwọ́. Lọ́dún 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn. Nǹkan ńlá ni, a ò lè dúpẹ́ rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n nígbà táwọn ọmọ yẹn ń jáde, ọ̀pọ̀ wọn gba ìlú ńlá lọ láti wá iṣẹ́ ọ́fíìsì. Nígbà tó máa fi di nǹkan bí ọdún 1960, ìjọba ti ń dá àwọn fáàmù sẹ́túmẹ́ǹtì sílẹ̀, irú èyí tó wà ní Ìlọrà àti Akùfọ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ilé-ìwé lè di àgbẹ̀ ìgbàlódé. Wọ́n fún wọn nílẹ̀, wọ́n kọ́ ilé. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ yẹn fi ibẹ̀ sílẹ̀. Lójú tiwa, ara ohun tó fà á ni pé ẹ̀yìn ilé-ìwé ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi oko hàn wọ́n. Ọkàn ọmọ ti kúrò níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé ilẹ̀ fún un.

Lọ́dún 1982, ètò 6-3-3-4 dé. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ dáa: ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì, kọ́mọ fọwọ́ kan iṣẹ́ igi, iṣẹ́ irin, oko àti oúnjẹ sísè, ká lè mọ ibi tí ẹ̀bùn rẹ̀ wà. Ìjọba ra àwọn ẹ̀rọ olówó gọbọi láti òkè òkun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé-ìwé láyé ìgbà yẹn, ẹ rántí àwọn àpótí pákó ńlá tó wà lẹ́yìn kíláàsì. Níbi púpọ̀, iná ò sí, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n lò ò sí, wọn ò sì tú àpótí ọ̀hún títí ìpẹtà fi jẹ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Lọ́dún 2011, wọ́n tún mú iṣẹ́ ọwọ́ 34 wọ ètò ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì àgbà, pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan, ó kéré tán. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n! Ilé-ìwé wo nílùú yín ló ní ohun èlò mẹ́ta nínú wọn? Ohun tọ́pọ̀ ilé-ìwé ṣe ni pé wọ́n mú èyí tí wọ́n lè fi ìwé nìkan kọ́.

Lọ́dún 2025, ìjọba àpapọ̀ gbé òmíràn jáde, wọ́n sì dín 34 kù sí mẹ́fà: títo iná sólà àti títún un ṣe; aṣọ rírán; ọ̀sìn ẹran; iṣẹ́ ìṣaralóge; títún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe; pẹ̀lú ọ̀gbìn ewébẹ̀, èso àti irúgbìn oko. A ò bá wọn jà lórí pé wọ́n dín in kù. Mẹ́fà tí wọ́n kọ́ dáadáa sàn ju mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n orí ìwé lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kà á dáadáa: méjì nínú mẹ́fà yẹn, tiwa ni. Ọ̀sìn àti ọ̀gbìn. Ẹ tún fi sólà kún un, torí òun là ń fi fa omi lóko báyìí tí epo ti wọ́n. Tí nǹkan yìí bá tún bàjẹ́, a ò ní lè sọ pé kò kàn wá.

Ó sì fẹ́ bàjẹ́, tá a bá ń wò ó níran. Ẹ wo ọ̀nà tí wọ́n gbà ń dán àwọn ọmọ wò nínú Ágíríìkì. Ìdánwò àfọwọ́ṣe ti WAEC, wọ́n á kó nǹkan jọ sórí tábìlì, wọ́n á lẹ A, B, C mọ́ ọn lára, ọmọ á kọ orúkọ wọn àti ìwúlò wọn. Ọjọ́ yẹn lọmọ mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí eégbọn màlúù, nínú ìgò. Kò sẹ́ni tó bi í pé, "Kí lo gbìn? Mélòó ló hù? Èló lo tà á?" Ẹni tó gbin nǹkan àti ẹni tí kò gbìn rí, B kan náà ni wọ́n lè gbà. Tí ìdánwò ò bá béèrè iṣẹ́, olùkọ́ wo ló máa fi oòrùn pa ara rẹ̀ torí iṣẹ́?

Àwọn kan á ní kò sáyè, táàmù kúrú. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ bá wa ṣírò. Táàmù kan tó ọ̀sẹ̀ 12 tàbí 13. Tẹ̀tẹ̀ á ti tó kórè ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ewédú ò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ. Adìyẹ bírọ́ílà, láti ọmọ ọjọ́ kan títí dé ọjà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni. Kíláàsì kan lè sin 50, kí wọ́n tà á, kí wọ́n ṣírò owó oúnjẹ rẹ̀, kí wọ́n mọ̀ bóyá wọ́n jèrè tàbí wọ́n gbèsè, kí táàmù sì ṣì kù.

Ilẹ̀ ńkọ́? Kò gba ilẹ̀ rẹpẹtẹ. Ẹ wọn mítà mẹ́wàá lóròó, mẹ́wàá níbùú. Tí wọ́n bá gbin ẹ̀gẹ́ sí i ní mítà kan sí mítà kan, 100 igi ló máa gbà. Tó bá jẹ́ àgbàdo, 75 sẹ̀ǹtímítà láàárín poro sí poro, 25 láàárín igi sí igi, ẹyọ kan sínú ihò, ó máa gbà tó 533. Ọmọ tó bá fi okùn wọn ìyẹn fúnra rẹ̀ ti ṣe ìṣirò tí kò ní gbàgbé láé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé oko máa ń dí ìwé lọ́wọ́, ṣé ìyẹn kì í ṣe ìwé ni?

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ nìkan lèyí. Ta ló ń pàdánù tí àgbàdo tí kò gbẹ bá hu olu nínú ṣọ́ọ̀bù? Ẹ̀yin ni. Ọmọ tó bá jáde ilé-ìwé, tó ń bọ̀ wá jókòó tì yín lọ́jà, ó yẹ kó ti mọ bí wọ́n ṣe ń dán àgbàdo wò: bu àgbàdo díẹ̀ àti iyọ̀ gbígbẹ sínú ìgò tó gbẹ, dé e, mì í dáadáa, jẹ́ kó sinmi. Tí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, àgbàdo yẹn ò tíì gbẹ, má rà á sí àká. Kò ná yín ní nǹkan kan. Ọmọ yẹn ì bá tún mọ̀ pé ẹ̀wà tí wọ́n dì sínú àpò onípele mẹ́ta tí atẹ́gùn ò lè wọ̀, kòkòrò á kú sínú rẹ̀ láìfọ́n oògùn. Ẹ̀yin náà mọ iye èèyàn tó ń da oògùn ẹ̀fọn sórí ẹ̀wà tí wọ́n ń tà fún wa jẹ. Àìmọ̀kan ló ń ṣe ọ̀pọ̀ wọn, ilé-ìwé ló sì yẹ kó wò ó sàn.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká dáhùn àwọn tó ń bá wa jiyàn, torí ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Àkọ́kọ́, wọ́n ní, "Ọmọ olówó ń lọ kọ́ dókítà, ẹ fẹ́ kọ́mọ tálákà máa roko." Òótọ́ wà níbẹ̀, a ò ní purọ́. Tí ìjọba bá sọ iṣẹ́ ọwọ́ di ọ̀nà láti ti ilẹ̀kùn yunifásítì mọ́ ọmọ ilé-ìwé ìjọba, àwa la máa kọ́kọ́ dìde. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ la ń sọ. Kọ́mọ mọ Gẹ̀ẹ́sì, kó mọ Ìṣirò, kó sì mọ iṣẹ́. Ọmọbìnrin tó fẹ́ di apòògùn, kò bàjẹ́ tó bá mọ̀ pé òtútù la fi ń pa àjẹsára mọ́. Èyí tí kò rówó lọ sí yunifásítì ńkọ́? Ṣé lọ́wọ́ òfo ló máa padà sílé?

Ẹ sì wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ báyìí. Ìyá ọmọ á rán an nílé-ìwé lọ́dún mẹ́fà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ó jáde, kò mọ iṣẹ́ kan. Ìyá á tún mú un lọ sọ́dọ̀ aránṣọ tàbí mẹkáníìkì, á san owó ìkọ́ṣẹ́, ọdún méjì tàbí mẹ́ta á lọ, á ra ẹ̀rọ fún un, á ná owó fúrídọ́ọ̀mù. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sanwó ohun kan náà. Ta ló jẹ owó àkọ́kọ́?

Ìkejì, wọ́n ní kò sówó. Lóòótọ́, ìjọba kì í tètè fowó ránṣẹ́, a sì mọ olùkọ́ tó ń fi owó ara rẹ̀ ra irúgbìn. Olùkọ́ kan ṣoṣo sí ọmọ tó kún kíláàsì fọ́fọ́, iṣẹ́ ńlá ni. Irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀, ọlọ́run á san án fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ilé-ìwé tó ní oko, tí àwọn ọmọ gbin ẹ̀gẹ́ sí i, ta ló kó ẹ̀gẹ́ náà? Níbi mélòó ni wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀? Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tó máa jẹ ẹ́ wà níbòòji. Ọmọ tó gbìn tí kò rí èrè, ẹ ti kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì pé ìyà ni oko.

Ìkẹta, wọ́n ní àgbẹ̀ ò lè kọ́ ọmọ, torí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èyí ló dùn wá jù. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìmọ̀ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fọ́dún mẹ́fà, tó fi mọ́ Ìṣirò àti Sáyẹ́ǹsì. Àwọn ọmọ yẹn ò gbẹ́yìn, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Tí wọ́n bá lè fi Yorùbá kọ́ Sáyẹ́ǹsì, bàbá tó ti ń ṣe kòkó fún ogójì ọdún lè dúró níwájú kíláàsì, kó sọ pé ẹ bo kòkó mọ́lẹ̀ sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà, ẹ máa yí i, ẹ má sá a sórí ọ̀dà tí wọ́n fi ṣe títì. Olùkọ́ á wá túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún ìdánwò. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Torí náà, ohun tá a fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe rèé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán o.

1. Ẹ lọ sípàdé àwọn òbí àti olùkọ́, ìyẹn PTA, nílé-ìwé ọmọ yín. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ owó lẹ́sìnnì nìkan lẹ máa bá níbẹ̀. Ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́ta: Níbo ni oko ilé-ìwé wà? Ta ló kó ìkórè tó kọjá, èló ni wọ́n tà á? Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́wọ́ ọmọ mi kan iṣẹ́ ní táàmù yìí? Ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè, ṣùgbọ́n ẹ má dìde títí ẹ ó fi gbọ́ èsì.

2. Ẹ sọ ọ́ níbẹ̀ pé ẹ ò fẹ́ kí wọ́n máa fi ọkọ́ àti àdá jẹ ọmọ níyà mọ́. Tí ọmọ bá ṣẹ̀, ìjìyà mìíràn wà. Ẹ̀yin náà, ẹ má fi oko dẹ́rù bà á nílé.

3. Ẹ mú nǹkan lọ. Àgbẹ̀ lè fún wọn ní ìdì igi ẹ̀gẹ́ kan. Oníṣòwò lè gbé òṣùwọ̀n wá lọ́jọ́ kan, kó fi ìyàtọ̀ kóńgò àti kílò hàn wọ́n. Ẹni tó ní sólà lóko lè jẹ́ kí kíláàsì kan wá wò ó fún wákàtí méjì.

4. Èyí ò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: ẹ má sọ ọmọ di lébìrà. Ọmọ tó wá kọ́ṣẹ́, iṣẹ́ ló wá kọ́. Kì í ṣe pé kó wá bá yín ro oko tán ní ọ̀fẹ́, tàbí kí olùkọ́ kó wọn lọ sóko ara rẹ̀. Ọmọ ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan oògùn apakòkòrò tàbí apakoríko. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, òun àti ẹni tó ń fi àdá ṣe pàṣán ò yàtọ̀.

5. Ẹ̀yin ọ̀gá tẹ́ ẹ ní ọmọ iṣẹ́, ẹ ràn wọ́n lọ́wọ́ kí wọ́n gba ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ náà. Láti ọdún 1992 ni NABTEB ti wà fún ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́. Iṣẹ́ láìsí ìwé, àbùkù ni wọ́n fi ń wò ó nílùú yìí. Ìwé láìsí iṣẹ́, ẹ ti rí ohun tó fi adìyẹ wa ṣe.

A ò sọ pé kí gbogbo ọmọ di àgbẹ̀. À ń sọ pé máàkì tí wọ́n kọ fún iṣẹ́ tọ́mọ ò ṣe, irọ́ ni, irọ́ yẹn sì máa ń pani lóko, ó máa ń pani lọ́jà. Irun wa ti ń funfun, ẹ̀yìn ti ń dunni. Ta ló máa gba ọkọ́ lọ́wọ́ wa, tó bá jẹ́ pàṣán la fi í ṣe?

Ilé-ìwé tó ń ṣe dáadáa lágbègbè yín, ẹ sọ fún wa nísàlẹ̀, ká lè kọ́gbọ́n lára wọn. Ẹ sì fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó jẹ́ alága PTA tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n.

Ọmọkùnrin yẹn ńkọ́? Ó ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Ní báyìí, kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ti gba omi kúrò níwájú adìyẹ. Omi kànga ló ń lò, á po mílíìkì oníyẹ̀fun díẹ̀ mọ́ ọn kó tó da Lasota sí i, á sì dúró tì í títí wọ́n á fi mu ún tán láàárín wákàtí méjì. Òun ló ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. B rẹ̀ ti di A lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n adìyẹ 112 ló san owó ilé-ìwé rẹ̀.